Ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò jí láàárọ̀ ọyẹ́: ẹ má tì í sọ̀kalẹ̀ òkè kí ẹ tó yẹ bíréèkì rẹ̀ wò

Ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlera ni a máa ń sọ níbí. Ti òní pa méjèèjì pọ̀, nítorí ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ọjà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, ọyẹ́ á dé, eruku á bo ewé, ètè á gbẹ, òtútù ìdájí á mú. Lọ́jọ́ ọjà, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá wa ti di gàrí, àgbàdo, iṣu àti ata. Ọkọ̀ ti kún, ẹrù ti gun orí rẹ̀. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kọ́ díẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún yí i, ó tún dákẹ́. Kí ló kàn? "Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ bá wa tì í!" Bí òkè kan bá wà nítòsí, inú wa á tiẹ̀ dùn. A ó darí imú ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, àwọn ìyá á jókòó sínú ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ á máa yí lọ títí á fi jí.

Èrò tèmi rèé, mi ò ní fi bọpo bọyọ̀: ó yẹ ká fòpin sí àṣà yẹn. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, tó kún fún èèyàn àti ẹrù, tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò pé ni, kódà bó bá jẹ́ pé àná ni mẹkáníìkì tún un ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí burúkú. Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ ló fà á. Ẹ jẹ́ ká tú u wò, kí ẹni tí kò wakọ̀ rí náà lè gbọ́ ọ yé.

Kí ló dé tí ọkọ̀ kì í fẹ́ jí lásìkò ọyẹ́?

Èkíní ni bátìrì. Òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù. Bátìrì tó ti gbó lè jí ọkọ̀ lọ́sàn-án, kó sì kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èkejì ni epo ẹ́ńjìnnì. Ẹ ti rí epo pupa nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́, bó ṣe máa ń dì. Epo ẹ́ńjìnnì kì í dì tó yẹn, ṣùgbọ́n òun náà máa ń ki. Bó bá ti ki, ẹ́ńjìnnì á wúwo láti yí, ìgbà yẹn gan-an ni bátìrì kò sì lágbára.

Ẹ̀kẹta kan àwọn ọkọ̀ tó ń lo gasoil. Ẹ́ńjìnnì gasoil kò ní iná tó ń ṣẹ́ pàrà bíi ti essence. Ooru afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fún pọ̀ ló ń mú kí gasoil gbiná. Nítorí náà, wọ́n fi àwọn irin kéékèèké kan sínú rẹ̀ tó máa ń gbóná kí ọkọ̀ tó jí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bougie de préchauffage. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, iná kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀. Ẹ dúró kí iná yẹn kú kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ parí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í dúró. Bí ọ̀kan nínú àwọn bougie yẹn bá ti jó, ọkọ̀ á máa gbọ̀n tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á sì máa tú èéfín funfun. Ẹ má sọ pé ọyẹ́ ló ń ṣe é, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Kí la lè ṣe sí i? Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà ni iṣẹ́ náà. Ọjọ́ ọjà kọ́ là ń bọ́ adìẹ tí a ó tà. Ẹ wo orí bátìrì méjèèjì. Bí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé bá ti hù sí i, ẹ tú wáyà rẹ̀, èyí tó ní àmì ìyọkúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dè é le. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú sùn. Láàárọ̀, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí bátìrì sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún un yí. Bó bá kọ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn, kí ẹ fi wáyà fa iná láti inú bátìrì tirẹ̀. Wáyà yẹn kò wọ́n tó egungun èèyàn. Ìbá dára kí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, kí gbogbo awakọ̀ jọ máa lò ó.

Nǹkan méjì kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹ má dá iná sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kó lè yá gágá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú ilé tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ nítorí òtútù, torí pé gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó sì máa ń pa èèyàn sójú oorun.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí bíréèkì bí ẹ́ńjìnnì bá kú?

Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín. Lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ẹ ó rí ohun dúdú kan tó rí roboto bí ìkòkò tí a da ojú rẹ̀ bolẹ̀. Servofrein ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ inú ohun roboto yẹn máa ń di fífà jáde. Òfìfo tó wà nínú rẹ̀ ló ń bá awakọ̀ ti bíréèkì. Ìyẹn ni obìnrin tàbí ọkùnrin tí kò sanra fi lè dá ọkọ̀ ńlá dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kò sí ohun tó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á ran awakọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí a ń tẹ á le bí òkúta. Bíréèkì ṣì wà o, ṣùgbọ́n ó ń béèrè agbára tí ẹsẹ̀ èèyàn kò mọ̀ lára. Awakọ̀ tí kò retí rẹ̀ á rò pé bíréèkì ti já, ẹ̀rù á bà á, á fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó sùn mọ́jú náà lè ti pàdánù ìwọ̀nba òfìfo yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ìyẹn ni pé àtìgbà àkọ́kọ́ ni bíréèkì rẹ̀ ti máa le.

Ẹ fi ti kọ́kọ́rọ́ kún un. Bí ẹnì kan bá yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nígbà tí wọ́n ń ti ọkọ̀, ìdarí lè tì pa, kò ní yí sọ́tùn-ún, kò ní yí sósì. Ẹ tún fi ti bíréèkì ọwọ́ kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní frein à main, tó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àgbà ó ti di ọ̀ṣọ́ lásán. Ta ni á wá dá ọkọ̀ yẹn dúró bí ọmọ kan bá sá kọjá?

Nítorí náà, bó bá di dandan láti ti ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. Kí ẹrù orí rẹ̀ má tíì gùn. Kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ipò tó ṣí ìdarí. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú rẹ̀, pàápàá àwọn ọmọdé, tí wọ́n fẹ́ràn láti sáré tẹ̀lé ọkọ̀.

Àdánwò tí kò ná ẹnikẹ́ni ní sẹ́fà kan

Ohun tí mò ń sọ yìí, awakọ̀ lè ṣe é kí ó tó gba èrò, kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Àkọ́kọ́: kí ẹ́ńjìnnì kú. Tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà títí á fi le. Fi ẹsẹ̀ sí i níbẹ̀, má gbé e kúrò, kí o wá jí ọkọ̀. Ó yẹ kí ibi tí o tẹ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bó bá rọ̀, servofrein ń ṣiṣẹ́. Bó bá le síbẹ̀ bí òkúta, kò ṣiṣẹ́, tàbí rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ya.

Èkejì: kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Tẹ bíréèkì le, kí o ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n. Bó bá ń rọra rì lọ sísàlẹ̀, epo bíréèkì ń jò níbì kan tàbí maître-cylindre ti gbó. Má gbe èrò lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹta: fa bíréèkì ọwọ́ lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, nígbà tí kò sí èrò nínú ọkọ̀, kí o sì wò ó bóyá á di ọkọ̀ mú. Kí ẹsẹ̀ rẹ wà nítòsí bíréèkì.

Lójú ọ̀nà náà, bíréèkì máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá rọ̀ bí ìgbà tí a tẹ tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ ti wọnú páìpù rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ táyà kan ń mú ju èkejì lọ, bóyá nítorí ohun kan ti há níbẹ̀, bóyá nítorí epo ti ta sí i. Bó bá ń dún bí irin tó ń lọ irin, ohun tó ń di táyà mú, tí wọ́n ń pè ní plaquette, ti jẹ tán. Má jẹ́ kó dé ibẹ̀: bó bá ti ku nǹkan bíi mìlímítà 3, ìyẹn bí owó ẹyọ méjì tí a tò lé ara wọn, pààrọ̀ rẹ̀. Ariwo kan wà tí kò burú: ọkọ̀ tó sùn sínú ìrì lè ha díẹ̀ láàárọ̀ nítorí ìpẹtà, bí o bá tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, á lọ. Bí kò bá lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ọṣẹ kọ́, epo ẹ́ńjìnnì kọ́

Níbí yìí, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí epo bíréèkì bá tán lọ́nà, wọ́n á bu omi ọṣẹ sí i, tàbí kí wọ́n da epo ẹ́ńjìnnì sí i. Ọkọ̀ á rìn o, á dé ilé, wọ́n á ní oògùn jẹ́. Kò jẹ́. Àwọn rọ́bà kéékèèké wà nínú bíréèkì. Epo ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí wọ́n wú, kí wọ́n rọ̀, kí wọ́n sì bàjẹ́. Tí omi bá gbóná, á hó. Tó bá ti hó, ó di ategùn, bẹ́ẹ̀ ategùn ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún. Ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn rì wọlẹ̀ ni, táyà kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Epo bíréèkì gidi, tí wọ́n ń pè ní liquide de frein, ni kí ẹ lò, irú èyí tí a kọ sára ìdérí rẹ̀, DOT 3 tàbí DOT 4. Òun pàápàá máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kì í hó kó tó dé 205 dígírì, ṣùgbọ́n bó bá ti mu omi dé ìwọ̀n kan, ó lè hó ní nǹkan bíi 140. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì, tí kò sì yẹ ká lo èyí tí ìgò rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Májèlé ni o. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, kí ọmọdé má baà gbé e mu.

Ìhóhó yìí ló kan ẹ̀yin tí ẹ ń rìn láàárín òkè, ní agbègbè Ìdàáṣà àti Sábẹ̀ẹ́, pàápàá ní Àtàkpàmé. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ má fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ti fi jíà kékeré sí i láti òkè, kí ẹ́ńjìnnì máa bá yín di ọkọ̀ mú. Ẹ má sì yọ jíà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ fi epo pamọ́. Epo díẹ̀ tí ẹ fi pamọ́ lórí òkè lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín nísàlẹ̀.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ ìlera kan fún àwọn mẹkáníìkì àti àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá ṣí táyà, ẹ má fẹnu fẹ́ eruku bíréèkì, ẹ má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Àwọn ohun bíréèkì àtijọ́ kan ní amiante nínú, tó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, tí àìsàn rẹ̀ sì lè má hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Mo mọ ohun tí awakọ̀ máa sọ. Á ní, "Ọkọ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Owó tí mò ń jíṣẹ́ fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́ ni mò ń wá." Olówó ọkọ̀ náà á ní, "Mo ti fún un lọ́kọ̀, kó máa tọ́jú ẹ̀." Àárín àwọn méjèèjì ni bíréèkì kú sí. Mi ò dá awakọ̀ lẹ́bi nìkan. Ẹni tó jẹ gbèsè, tí ọmọ rẹ̀ ń retí owó ilé ìwé, kò ní gbé ọkọ̀ kalẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá ràn án lọ́wọ́ láti gbé e kalẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni pé kí owó bíréèkì kúrò nínú owó ọjọ́ kí a tó pín in. Kí ó má jẹ́ ti awakọ̀, kí ó má jẹ́ ti olówó ọkọ̀. Ti ọkọ̀ ni. Kí wọ́n máa kó díẹ̀díẹ̀ sínú kóló lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí plaquette bá jẹ tán, owó á ti wà nílẹ̀.

Ẹlòmíì á ní ọkọ̀ àgbà ló fa gbogbo ẹ̀, kí ìjọba kó gbogbo wọn kúrò lójú ọ̀nà. Mi ò gbà. Peugeot 504 jáde ní ọdún 1968, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná ní Nàìjíríà ní 1975. Ọkọ̀ yẹn ti gbé àwọn òbí wa, ó ti gbé àwọn aláboyún dé ilé ìwòsàn lóru. Ọkọ̀ àgbà kì í ṣe ọkọ̀ burúkú. Ọkọ̀ tí a kò tọ́jú ni ọkọ̀ burúkú, ì báà jẹ́ tuntun. Bí a bá sì kó gbogbo wọn kúrò lónìí, orí ta ni ata àwọn ìyá wa máa gùn lọ́la?

Àwọn kan á ní àwọn ti bọ Ògún, àwọn ti gbàdúrà sí ọkọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bọ Ògún, tó fi irin Ògún sílẹ̀ kó máa jẹrà, kò tíì bọ ọ́ parí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà jù. Ẹ̀yin ni ẹ ń sanwó ọkọ̀. Ẹ máa ń yẹ ata wò kí ẹ tó rà á, ẹ máa ń tẹ iṣu wò. Ẹ bi awakọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, bíréèkì ńkọ́? Ẹ ti dán an wò láàárọ̀ yìí?" Bí ìyá kan ṣoṣo bá béèrè, wọ́n á ní ó ń yọnu. Bí mẹ́wàá bá béèrè, tí wọ́n sì kọ̀ tí wọn ò gun ọkọ̀ tí wọ́n ń tì sọ̀kalẹ̀ òkè, awakọ̀ á gbọ́, olówó ọkọ̀ náà á gbọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, iṣẹ́ tí mo fi lé yín lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ pe awakọ̀ kan àti mẹkáníìkì kan wá sí ìpàdé yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àdánwò mẹ́ta yẹn lójú gbogbo yín, kí àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ náà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n mọ bó ṣe ń le nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ sọ ọ́: ní abúlé tiyín, ta ló yẹ kó máa tọ́jú kóló bíréèkì? Ibo ni ilẹ̀ títẹ́jú wà tí ọkọ̀ ọjà lè máa sùn? Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa nílé iṣẹ́ rédíò, a ó kà á fún àwọn abúlé yòókù.

Kí ọjà ó tà, kí gbogbo wa lọ ire, ká bọ̀ ire.